Ọwọ́ Tó Ya Labalábá, Ọwọ́ Tó Mú Kòkòrò Wá

Gbogbo wa la mọ̀ pé labalábá tó bá dìgbò lu ẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fàya. Ṣùgbọ́n níbo ló ti rí aṣọ ọ̀hún? Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Yúróòpù gbà pé inú ẹrẹ̀ àti ohun tó ti jẹrà ni kòkòrò ti ń hù jáde. Maria Sibylla Merian, tí wọ́n bí ní Frankfurt, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1647, wà lára àwọn tó fi ojú ara wọn wò ó.

Ọkọ ìyá rẹ̀, Jacob Marrel, tó máa ń ya òdòdó, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ ọdún 13 péré ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sin kòkòrò tó ń pọ òwú sílíìkì. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń rí sányán á mọ irú iṣẹ́ tí kòkòrò yẹn ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìgbà náà máa ń to òkú labalábá sójú ìwé bí ẹni pàtẹ ọjà. Merian ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1679, kòkòrò ajewé, àpò tó fi ara pamọ́ sí, labalábá tó jáde níbẹ̀, àti ewé tó ń jẹ, ojú ìwé kan náà ni gbogbo wọn wà.

Lọ́dún 1699, lẹ́ni ọdún 52, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wọkọ̀ ojú omi lọ sí Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Hólàǹdì ti ń fi ẹrú gbin ìrèké. Àwọn olóko fi í ṣe yẹ̀yẹ́: kí ló ń wá lẹ́yìn ṣúgà? Àìsàn ló dá a padà lọ́dún 1701. Ìwé rẹ̀ jáde ní Amsterdam lọ́dún 1705, àwòrán 60 ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fín sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbọ́ ná, ta ló la igbó fún un? Ẹrú ni. Àwọn ẹrú, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àti ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló ń gé ọ̀nà, tí wọ́n ń kó kòkòrò wá bá a. Merian sọ pé wọ́n ràn òun lọ́wọ́, àmọ́ kò dárúkọ wọn.

Síbẹ̀, ẹ ṣí àwòrán 45. Òdòdó pupa olómi ọsàn tí à ń gbìn síwájú ilé níbí, tí a ń pè ní Pride of Barbados, ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àfòpiná. Nínú àlàyé tó bá àwòrán náà rìn, Merian kọ ọ́ pé àwọn ẹrúbìnrin ń fi èso rẹ̀ ṣẹ́yún, kí ọmọ wọn má baà dẹrú. Ó ní àwọn tí wọ́n kó wá láti Guinea àti Angola gbà pé bí àwọn bá kú, àwọn á tún ayé wá nílẹ̀ àwọn, lómìnira. Ó ní ẹnu wọn lòun ti gbọ́ ọ. Ẹni tó ń jẹ́ Babátúndé tàbí Yétúndé ò nílò ògbufọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí.

Ìwé ìṣirò àwọn olóko ka orí ẹrú, ó ka ṣúgà. Inú ìwé labalábá la ti gbóhùn àwọn obìnrin náà. Jámánì fi àwòrán ojú Merian sára owó 500 máàkì wọn kí owó Euro tó dé. Ó tọ́ sí i. Àwọn tó mú kòkòrò wá ńkọ́? Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí irú àwòrán àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má wo ìyẹ́ nìkan. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.