Aṣọ Funfun Ìyàwó, Èwo ni ti Ọkọ?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Nígbà tí mo wà ní SS2, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa lóyún. Kò padà wá mọ́. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún jókòó sí àyè rẹ̀, ó sì kọ WAEC. Àwa ọkùnrin tiẹ̀ ń kí i ní "Baba!" Èmi náà kí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Àwọn bàbá wa ka ìbálé sí ọlá ńlá; Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897, tó jáde ní 1921. Lálẹ́ ìgbéyàwó, aṣọ funfun ni wọ́n ń tẹ́ fún ìyàwó. Bí ọkọ bá bá a nílé, ẹ̀bùn á dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ìṣáná dé, páálí ìṣáná tó kún fọ́fọ́ wà lára rẹ̀. Bí kò bá bá a nílé, páálí ààbọ̀ ni wọ́n á rí, ojú á sì ti gbogbo ẹbí.

Kí ni wọ́n tẹ́ fún ọkọ? Kò sí nǹkan kan. Ta ló wá gba ìbálé àwọn tí wọn ò bá nílé? Ṣebí ọkùnrin ni!

Aṣọ yẹn gan-an ń purọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í ṣẹ̀jẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí àyẹ̀wò kankan tó lè fi ìbálé hàn, wọ́n ní kí wọ́n pa á tì.

Àmọ́ òṣùwọ̀n yìí ò tu ọkùnrin náà lára. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí òyìnbó fi lélẹ̀ ní 1916, obìnrin nìkan ni wọ́n gbà pé wọ́n lè fipá bá lòpọ̀. Òfin VAPP ti ìjọba àpapọ̀, ní 2015, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọkùnrin mọ́ ọn. Ọmọkùnrin ọdún 14 tí àgbàlagbà obìnrin bá fipá bá sùn ní Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì, ta ló máa sọ fún? Wọ́n á ní, "Ṣebí ọkùnrin ni ẹ́!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Èkìtì ṣòfin tó tako irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ ní 2011, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Òfin dáa. Ṣùgbọ́n òfin ò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ tí mò ń pariwo "Baba!" Bí wọ́n bá tún kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú ẹ, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ bi í pé: "Ìyá ọmọ ńkọ́?"