Títọpasẹ̀ ìran ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́

Títọpasẹ̀ ìran ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ni iṣẹ́ wíwá orúkọ, ìbátan àti orírun àwọn baba ńlá ìdílé kan jáde nípasẹ̀ ìtàn àfẹnusọ, oríkì, ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ Kristẹni, ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé ìjọba. Ìlú méjèèjì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn tí ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àwọn ẹbí tí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ilẹ̀ kàn, àwọn onímọ̀ ìtàn, àti àwọn ọmọ ìlú tí a bí sí ẹ̀yìn odi.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Cromwell pàṣẹ ní ọdún 1538 pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé. Òfin ọdún 1812 fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ní fọ́ọ̀mù kan náà, ìjọba fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje, 1837. Nítorí náà, ará abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lè ti inú ìwé dé inú ìwé títí yóò fi kan baba ńlá tí ó gbé ayé ní irínwó ọdún sẹ́yìn, bí iná kò bá ti jẹ ìwé náà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún 1855 ni iṣẹ́ ìjọ Baptist bẹ̀rẹ̀. Ìwé kì í sábà kọjá ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn. Ẹnu ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìwé níbẹ̀.

Agboolé

Ẹni tí ó bá sọ̀ ní Takie, ní àárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ń wá ilé ẹnì kan, kì í ṣe nọ́ńbà ojúlé ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í. Orúkọ agboolé ni wọn yóò béèrè. Agboolé ni ibi tí àwọn ọmọ baba kan, àwọn aya wọn àti àwọn tí wọ́n gbà mọ́ra ń gbé lábẹ́ baálé tàbí mọ́gàjí kan. Òun ni ìpìlẹ̀ ìwádìí ìran.

Ṣùgbọ́n agboolé kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ orírun. Ìtàn ìlú sọ pé àwọn ọdẹ bíi Aálẹ̀ àti Ògúnlọlá, ẹni tí ó di Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó, àti pé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí Ògúnlọlá gbé ni ìlú fi gba orúkọ. Nígbà tí ogun Fúlàní fọ́ ọ̀pọ̀ ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní ìlàjì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 19, Ògbómọ̀ṣọ́ kò fọ́. Àwọn ará Ìkòyí àti àwọn ìlú mìíràn sá wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, òrìṣà àti oyè wọn. Bákan náà ni Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Ní àwọn ọdún 1830 ni Aláàfin Àtìbà tẹ̀ ẹ́ dó sí Àgọ́ Ọ̀jà lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro, tí ó sì kó àwọn ènìyàn láti ìlú púpọ̀ wá sínú rẹ̀. Ìdílé kan lè ti wà nínú agboolé kan náà fún ọgọ́sàn-án ọdún kí ó sì jẹ́ pé ìlú tí kò sí mọ́ ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Oríkì orílẹ̀ àti orúkọ

Ohun tí ó ń tọ́ka sí ìlú tí kò sí mọ́ náà ni oríkì orílẹ̀. Oníkòyí, Olófà, Ọ̀pómúléró, Olúgbọ́n, Arẹ̀sà àti Onírè ní tiwọn, ẹni tí ó bá sì gbọ́ èyí tí wọ́n fi ń ki ẹnì kan láàárọ̀ lè mọ ibi tí baba rẹ̀ ti wá láìtíì béèrè. Adébóyè Babalọlá kó ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ sínú ìwé Àwọn Oríkì Orílẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1967. Àwọn obìnrin ilé ni ó sábà máa ń mọ oríkì jù. Èyí ṣe pàtàkì fún olùwádìí, nítorí àwọn ọkùnrin ni wọ́n máa ń pè síwájú nígbà tí àlejò bá dé pẹ̀lú ìwé àti bírò, nígbà tí ìyá àgbà tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà gan-an wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Oríkì kì í ṣe àtòjọ orúkọ láti orí baba dé orí ọmọ. Ó lè dárúkọ baba kan ṣáájú baba rẹ̀, ó lè fo ìran méjì, ó sì lè yin àna pọ̀ mọ́ ẹbí. Ẹni tí ó bá kà á bí ẹni ń ka ìwé ìrìbọmi yóò ṣìnà.

Orúkọ àbísọ tún ń ṣí nǹkan payá. Ayàn ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ń tọ́ka sí ìdílé onílù, Ọ̀jẹ́ sí ìdílé eégún, Ifá sí ìdílé babaláwo, Ọdẹ àti Ògún sí ìdílé ọdẹ tàbí alágbẹ̀dẹ, Adé sí ìdílé ọba. Babátúndé àti Yétúndé ń sọ pé bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà ti kú kí a tó bí ọmọ náà. Lẹ́yìn tí ẹ̀sìn Kristẹni àti Ìsìláàmù gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ yọ Ògún tàbí Ifá kúrò lára orúkọ wọn, wọ́n fi Olú tàbí Adé rọ́pò. Ọmọ ìyá méjì lè tipa bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí kò jọra rárá nínú ìwé.

Ìwé ìjọ

Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Baptist láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Òun kan náà ni ó kọ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1858. Ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, àti ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà láàárín 1861 sí 1865 dá iṣẹ́ náà dúró fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó tún gbèrú: ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùṣọ́ àgùntàn bẹ̀rẹ̀ ní 1898, dókítà George Green sì dé ní 1907 láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn tí ó di ilé ìwòsàn Baptist. Ìjọ, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ni ó ń kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀.

Ìjọ Baptist kì í ri ọmọ-ọwọ́ bọmi. Ẹni tí ó bá ti gbàgbọ́, tí ó sì lè jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ni wọ́n ń rì bọmi. Ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé ìrìbọmi Baptist kò fi ọjọ́ ìbí hàn nígbà náà. Ẹni tí a kọ síbẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ọdún 15 tàbí arúgbó. Ìjọ Áńgílíkà ń ri ọmọ-ọwọ́ bọmi, ìwé tirẹ̀ sì súnmọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Apá púpọ̀ nínú ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS wà ní Yunifásítì Birmingham lónìí, àwọn fáìlì ìjọba amúnisìn nípa ẹkùn Ọ̀yọ́ sì wà ní ilé ìkówèépamọ́ ti orílẹ̀-èdè ní Ìbàdàn.

Àwọn ìdílé Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ gan-an ní ìlú méjèèjì, kò ní ìwé ìrìbọmi. Ìwé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́ ìwé àkọ́kọ́ tí orúkọ wọn wọ̀. Ọjọ́ orí inú rẹ̀ kò sì ṣeé gbára lé, nítorí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kọjá kan etí kejì ni wọ́n ń gbà wọlé, olùkọ́ a sì fojú díwọ̀n ọdún fún un. Ó pẹ́ kí òfin tí ó sọ kíkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ di dandan jákèjádò Nàìjíríà tó jáde. Àwọn tí a bí ṣáájú ń gba ìwé ìbúra ọjọ́ orí ní ilé ẹjọ́. Olùwádìí máa ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ díwọ̀n ọdún wọn: ogun Kírìjì, ogun Hítílà, tàbí rògbòdìyàn Àgbẹ̀kọ̀yà tí ó gba ẹ̀mí Ṣọ̀ún tí ó wà lórí ìtẹ́ ní 1969.

Orúkọ tí a ń jẹ́ mọ́ baba

Kò sí orúkọ ìdílé tí ó ń ti ọ̀dọ̀ baba dé ọ̀dọ̀ ọmọ láàárín àwọn Yorùbá àtijọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọ ni ó mú un wá, orúkọ baba ọmọ náà gan-an ni wọ́n sì sábà ń kọ. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí a bí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1910, jẹ́ ọmọ Akíntọ́lá tí í ṣe ọmọ Akínbọ́lá. Ẹni tí ó bá ń wá «Akíntọ́lá» gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé kọjá bàbá náà kò ní rí ohunkóhun, nítorí orí rẹ̀ ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ baba kan náà méjì bá wọ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan lè jẹ́ orúkọ baba, èkejì orúkọ baba àgbà.

Ti àwọn Sàró le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣòògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní 1821. Nígbà tí a rì í bọmi ní Sàró ní 1825, ó gba orúkọ Samuel Crowther, tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí bí «Crowther» ṣe lè mú ẹnikẹ́ni padà dé Òṣòògùn. Ìrántí ni ó ṣe é: ó pàdé ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta ní 1846 lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ìyá náà sì ṣe ìrìbọmi ní 1848.

Ìtàn àfẹnusọ náà nílò àyẹ̀wò. James Churchwill Vaughan, ọmọ ilẹ̀ South Carolina, dé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú iṣẹ́ Baptist ní 1855, ó gbé ní Ìjàyè, ó sì parí ayé rẹ̀ ní Èkó ní 1893. Àwọn ìran rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà gbà pé Yorùbá ni baba rẹ̀, Scipio. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2017, onímọ̀ ìtàn Lisa Lindsay gbé ìtàn ẹbí yìí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìwé gbè lẹ́yìn.

Arókin àti àwọn òǹkọ̀wé ìlú

Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn arókin ni iṣẹ́ wọn jẹ́ láti rántí àwọn Aláàfin ní ẹsẹẹsẹ. Ọ̀dọ̀ wọn ni àlùfáà Samuel Johnson, tí í ṣe ìran Aláàfin Abíọ́dún tí a sì bí ní Sàró ní 1846, ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ láti inú àjákù rẹ̀, ó sì jáde ní 1921. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, N. D. Oyèrìndé tẹ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ jáde ní 1934. Láti ìgbà náà, ohun tí àwọn àgbà ń sọ àti ohun tí wọ́n ti kà ti wọ inú ara wọn. Bàbá tí ó ń ka orúkọ àwọn Ṣọ̀ún láìwo ìwé lè jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ni ó ti kọ́ ọ.

Oyè, ilẹ̀ àti ogún

Ìran kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán. Òfin oyè ti Ìwọ̀-Oòrùn ti 1957 mú kí ìjọba kọ àwọn ìdílé tí ó ń jọba sílẹ̀, ẹni tí kò bá lè fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀kan nínú wọn kò lè dé ìtẹ́. Ní Ọ̀yọ́, Agúnlóyè àti Alówólódù, tí àwọn méjèèjì tan mọ́ Àtìbà, ni ìdílé ọba. Lẹ́yìn tí Ṣọ̀ún Jimoh Oyèwùmí wàjà ní oṣù Kejìlá 2021, ọ̀rọ̀ ẹni tí oyè kàn dé ilé ẹjọ́. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni Ọba Ghandi Afọlábí Ọláoyè, tí ó ń ṣe pásítọ̀ ní Amẹ́ríkà, gorí ìtẹ́.

Fún ìdílé tí kì í ṣe ti ọba, ogún ni. Òfin ìbílẹ̀ mọ ọ̀nà méjì láti pín ogún ẹni tí ó fẹ́ ju ìyàwó kan lọ: ìdí-igi, níbi tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ń gba ìpín kan, àti orí-ò-jorí, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀. Nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, lórí ogún ọkùnrin ará Èkó kan tí ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962. Ìwé ìran tí ó kọ orúkọ àwọn baba nìkan kò wúlò níwájú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ni ó ń ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ọbàkan, síbẹ̀ orúkọ wọn ni ó kọ́kọ́ ń parẹ́ nínú ìtàn ilé. Èdè pẹ̀lú ń dá kún un: «ẹ̀gbọ́n» àti «àbúrò» ń tọ́ka sí ọmọ ìyá, ọbàkan àti ọmọ àbúrò baba bákan náà, akọ̀wé tí ó bá sì yí gbogbo wọn padà sí «brother» ti da igi ìran rú.

Ogbomọ̀ṣọ́ lẹ́yìn odi

Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ti tàn ká àwọn ìlú Gold Coast kí ilẹ̀ náà tó di Ghana, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ síbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ìdílé fi ṣọ́ọ̀bù àti ẹrù sílẹ̀. Ìwé ìbí àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ bá ẹrù lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n dé sínú agboolé baba wọn nígbà náà kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì gbọ́ èdè Ghana ju Yorùbá lọ. Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀, àwọn olùwádìí ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ṣe àtìpó, nítorí àwọn ará ilé mọ baba ńlá, ṣùgbọ́n àwọn ará Ghana ni ó mọ ẹni tí ó fẹ́ ẹni, ibi tí a sin òkú sí, àti ọmọ tí ó dúró sẹ́yìn.