Epo, Omi àti Ìbọn Àwọn Baba Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ojú ìwé ọdọọdún wa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbọn ṣakabùlà tí ó ń bẹ ní àjà àwọn ilé wa ni, àti ti epo tí a fi ń pa á. Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n inú irin wọ̀nyẹn ni apá kan ìtàn Èkìtì wà, àìmọ̀ wa ni ó sì ń jẹ wọ́n run.

Ìbọn kan wà ní ilé wa tí bàbá àgbà mi fi ṣọdẹ. Nígbà tí mo di géńdé, èmi ni a fi ìtọ́jú rẹ̀ lé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá yìn ín níbi ìsìnkú ọdẹ tàbí nígbà ọdún, n ó bu epo pupa sí àkísà, n ó fi nu ìbọn náà títí yóò fi máa dán, n ó sì gbé e padà sí àjà. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, alágbẹ̀dẹ kan ti ọ̀pá bọ inú rẹ̀. Ohun tí ó bá ọ̀pá náà jáde ni ìpáàrà tí ó pò mọ́ epo gbígbẹ. Ó wò mí lójú, ó ní, "Òde ni o ń tọ́jú, inú ti lọ." Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki ẹ̀tù sí i mọ́, kí ó má bàa fọ́ mọ́ onítọ̀hún lójú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ibi tí mo ti ṣì í ṣe.

Kò yà mí lẹ́nu pé epo ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ bá. Ìrè-Èkìtì tí í ṣe ìlú Ògún kò jìnnà sí wa, gbogbo ọmọ Èkìtì ni ó sì mọ̀ pé Ògún ń gba epo. Òwò epo pẹ̀lú ni ó mú ìbọn pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ń kó epo pupa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń kó ìbọn tí a rọ ní Birmingham bọ̀. Àwọn òyìnbó fi epo wa ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n pò ó mọ́ ọ̀rá ẹran láti fi pa irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ń yí lórí rẹ̀. Ní Wales, àwọn tí ń ṣe páànù agolo a máa ri páànù irin bọ inú epo pupa gbígbóná kí wọ́n tó fi tánńganran bò ó. Nítorí náà, epo kì í ṣe ọ̀tá irin pátápátá. Ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ ni irin ń lò nínú epo ní Wales. Ti àjà wa, ọdún dé ọdún ni.

Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ní nǹkan bí 1878, ṣakabùlà ni púpọ̀ nínú àwọn jagunjagun wa gbé lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ńgbé ti Iléṣà ni ó di olórí ogun wa, Fábùnmi ti Òkèmẹ̀sí sì jẹ́ akọni nínú wọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó kò fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì fi ìbọn tí a ń ki láti ìdí, irú Snider, ránṣẹ́ sílé. Ìbọn wọ̀nyí yí ojú ogun náà padà. A fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ní 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká kúrò ní ibùdó wọn.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ kan. Bí a bá ṣí ìdí Snider, a lè wo inú rẹ̀ já láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ṣakabùlà ní tirẹ̀, ìdí rẹ̀ dí. Ohun tí ó bá ń jẹ ẹ́ nínú kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹ̀tù dúdú kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Nínú ìdá 100 ẹ̀tù yìí, nǹkan bí ìdá 75 jẹ́ irú iyọ̀ kan tí òyìnbó ń pè ní saltpetre, ìdá 15 jẹ́ èédú, ìdá 10 sì jẹ́ imí-ọjọ́. Bí ó bá jó, ohun tí ó lé ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ kì í di atẹ́gùn. Apá kan ń bá èéfín jáde, ìyókù a lẹ̀ mọ́ inú ìbọn. Ìdọ̀tí yìí jọ iyọ̀ eérú. Ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi náà ni ó sì ń sọ irin di ìpáàrà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí àṣìṣe mi, ẹ wọ ilé ìdáná. Ẹ bu ṣíbí iyọ̀ kan sínú epo pupa, kí ẹ sì bu òmíràn sínú omi gbígbóná. Ti inú omi yóò yọ́ kíákíá. Ti inú epo yóò jókòó sí ìsàlẹ̀ títí di ọ̀la. Mo ń fi epo bo iyọ̀ mọ́ irin ni, mo sì rò pé mo ń tọ́jú ìbọn.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ṣi irú èyí ṣe. Àwọn ológun ilẹ̀ òyìnbó pàápàá jìyà rẹ̀, nítorí ohun tí ń ṣáná sí ọta ìbọn wọn ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú irin bákan náà. Ní 1922, Wilbert Huff tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń mójútó ìwakùsà tẹ ìwé jáde tí ó fi hàn pé iyọ̀ yìí ń ba irin jẹ́ lábẹ́ epo, àti pé omi ni ó ń wẹ̀ ẹ́ kúrò. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n jagun ní Burma láàárín 1944 sí 1945, nínú ọ̀wọ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ìgò òróró kékeré kan àti okùn ìnubọn wà nínú ìdí igi rẹ̀. Ìlànà àwọn ológun nígbà náà ni pé kí a da omi híhó gba inú ìbọn kọjá, kí a nù ún gbẹ, kí òróró tó kàn án.

Nísinsìnyí, èwo nínú àwọn epo ni kí a mú? Epo pupa àti àdí a máa kan bí wọ́n bá pẹ́, kíkan náà sì ń jẹ irin. Wọ́n a sì máa dì nígbà ọyẹ́. Òrí ń dì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Epo òyìnbó tí a ń fi tan àtùpà dára láti tú epo gbígbẹ, ṣùgbọ́n kò lè yọ́ iyọ̀, kì í sì í pẹ́ lára irin. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ọ́ìlì ọkọ̀ tí a kò tíì lò kì í kan, ó sì ń pẹ́ lára irin. Èyí tí a ti lò nínú ọkọ̀ kún fún ìdọ̀tí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lò ó.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wádìí bóyá ìbọn náà kún. Ọ̀pọ̀ ìbọn àjogúnbá ni a kì tí a sì gbàgbé. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ọ̀pá dé ìdí, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ pe alágbẹ̀dẹ tí ó mọṣẹ́. Bí ó bá ṣófo, omi gbígbóná ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà àkísà gbígbẹ léraléra títí ọ̀rinrin yóò fi tán, òróró díẹ̀ ni ìkẹyìn. Ìbọn tí ìpáàrà ti jẹ nínú, ẹ má ṣe yìn ín láéláé, ìbáà ṣe níbi ìsìnkú ẹni ńlá. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òfin ìbọn ti 1959 béèrè ìwé àṣẹ fún ṣakabùlà.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan ni ó kù. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi nígbà Kírìjì fi ìbọn ránṣẹ́ sílé. Ti òde òní kò béèrè ìyẹn. Kí olúkúlùkù ilé kọ orúkọ ẹni tí ó ni ìbọn àjà wọn sílẹ̀, ibi tí ó ti rà á, àti ohun tí ó fi ṣe, nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Ìbọn bàbá àgbà mi ṣì wà ní àjà, a kò sì lè yìn ín mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi omi wẹ̀ ẹ́, mo sì ti kọ ìtàn rẹ̀.