Bọ́ǹbù tó pa Telstar

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ewu tó wà fún sátẹ́láìtì lókè, oòrùn la máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. A ò sì purọ́ mọ́ ọn o. Ní oṣù kejì ọdún 2022, SpaceX gbé Starlink 49 lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kejì ni ìjì oòrùn dé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn já bọ́, wọ́n sì jóná.

Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, oòrùn ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 1962. Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù núkílíà kan lókè erékùṣù Johnston, nínú òkun Pàsífíìkì. Wọ́n sọ ọ́ ní Starfish Prime. 1.4 mégátọ́ọ̀nù ni agbára rẹ̀, 400 kìlómítà sókè ló sì ti bú. Ní Hawaii, tó jìnnà síbẹ̀ ju 1,400 kìlómítà lọ, àwọn iná títì kan kú. Àwọn kan tiẹ̀ gun òrùlé hótẹ́ẹ̀lì lọ wò ó, bí ẹni ń wo sinimá!

Ìmọ́lẹ̀ yẹn lọ, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ ò lọ. Bọ́ǹbù náà tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ lọ súà, agbára òòfà ayé sì há wọn mọ́ òkè, wọ́n ń yí ayé po fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọjọ́ kejì gan-an ni Telstar 1 gbéra. Ẹ ò rí nǹkan! Òun ló kọ́kọ́ gbé àwòrán tẹlifíṣọ̀n kọjá òkun Àtìláńtíìkì, láti Amẹ́ríkà dé ilẹ̀ Faransé. Àwọn tó kọ́ ọ ní Bell Labs kì í ṣe aláìmọ̀kan. Láti 1958 ni Van Allen ti fi hàn pé ìtànṣán olóró yí ayé ká, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán yẹn sínú Telstar. Ìyẹn ló ká mi lára jù: ohun tó ń pa á lọ ló ń wọ̀n ránṣẹ́ sílé.

Ní oṣù kọkànlá, Telstar ò gbọ́ àṣẹ mọ́. Transistor inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dá ọgbọ́n sí i láti ilẹ̀, wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń fi àṣẹ ránṣẹ́ padà, ó sì jí ní oṣù kìíní 1963. Mo fẹ́ràn ibí yìí gan-an. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 21 oṣù kejì, ó dákẹ́ pátápátá.

Ti Ariel 1 ńkọ́? Sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ti Ìlú Ọba nìyẹn, oṣù kẹrin ọdún yẹn ló lọ sókè. Bọ́ǹbù ọ̀rẹ́ wọn ló ba tiẹ̀ náà jẹ́. Ta ló máa ń kọ orúkọ ọ̀rẹ́ sínú ìwé ewu?

Ní oṣù kẹjọ 1963, Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Sófíẹ́ẹ̀tì fọwọ́ sí i pé àwọn ò ní dán irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ wò lókè mọ́. Telstar 2 ti gbéra ṣáájú ìyẹn, ní oṣù karùn-ún. Wọ́n gbé e ga ju ti àkọ́kọ́ lọ kó má baà pẹ́ jù nínú ìtànṣán.

Telstar 1 ṣì wà lókè títí di òní o. Òkú ni, ó ń yí ayé po, àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ló ń yà fún un.