Ta Ló Ni Kóòdù Inú Ìwé Ìlànà? Ìtàn Àwọn RFC àti Ohun Tó Kan Èdè Wa

Ìbéèrè kan ni bébà yìí dá lé: bí ìwé ìlànà kan bá wà ní gbangba fún gbogbo ayé láti kà, ṣé kóòdù kọ̀ǹpútà tí wọ́n tẹ̀ sínú rẹ̀ náà ti di ti gbogbo ayé?

Àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC ló ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Steve Crocker kọ àkọ́kọ́ wọn ní 1969. Ọ̀fẹ́ ni kíkà wọn, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀fẹ́ ni ohun gbogbo tó wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1992, Ronald Rivest gbé MD5 jáde nínú RFC 1321, odindi kóòdù rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ìwé náà. Ṣùgbọ́n májẹ̀mú wà lórí kóòdù ọ̀hún: ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ilé-iṣẹ́ RSA Data Security níbikíbi tó bá ti mẹ́nu bà á. Àwọn tó ń pín sọ́fítíwíà lọ́fẹ̀ẹ́ kò fẹ́ irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ lọ́rùn iṣẹ́ wọn. Ní 1993, Colin Plumb kọ kóòdù MD5 tirẹ̀, ó sì ní òun kò di ẹ̀tọ́ kankan mú lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dí i lọ́wọ́, nítorí ìlànà yàtọ̀ sí kóòdù, bí ìtàn ṣe yàtọ̀ sí gbólóhùn tí a fi sọ ọ́.

Èyí tó kàn wá jù ni RFC 3492, tí Adam Costello kọ ní 2003. Òun ló ṣàlàyé Punycode, ọ̀nà tí ẹ, ọ àti ṣ ti Yorùbá, àti ɓ, ɗ àti ƙ ti Hausa, fi lè wọ inú àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Gaskiya Corporation bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Zaria níbí ní 1945, ẹni tó bá ní lẹ́tà ìtẹ̀wé ló lè tẹ irú àmì bẹ́ẹ̀. Lónìí, kóòdù ló ń ṣe é. Costello kọ kóòdù sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ó sì yọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni láti lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in. Ó ṣeun. Àmọ́ inú rere ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe òfin.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tó fara jọ èyí dé ilé-ẹjọ́ ní Èkó ní oṣù kọkànlá 2007. Lagos Analysis Corporation, tó ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin fún àwọn èdè wa, fẹ̀sùn kan One Laptop per Child pé wọ́n tú kóòdù kíbọ́ọ̀dù náà wò, wọ́n sì lò ó. Àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọdún kejì ni RFC 5378 jáde, ní oṣù kọkànlá 2008. Láti 2009 ni IETF Trust sì ti ń fi kóòdù inú àwọn RFC tuntun sábẹ́ láísẹ́ńsì BSD. Ti àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ wọ́n. Òfin Nàìjíríà náà, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023, ka kóòdù kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fẹ́ da kóòdù RFC kọ sínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ọjọ́ tí ìwé náà jáde ni kí á kọ́kọ́ ní kó wò.