Ìwé Ìrántí Méjì tí Cynthia Lennon Kọ nípa John Lennon

Ìwé méjì ni Cynthia Lennon kọ nípa ọkọ rẹ̀ àtijọ́, John Lennon ti ẹgbẹ́ olórin Beatles. Èkíní, A Twist of Lennon, jáde ní 1978, nígbà tí John ṣì wà láàyè ní New York. Èkejì, John, jáde ní 2005, nígbà tó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti yìnbọn pa á ní oṣù Kejìlá 1980. Ìgbéyàwó kan náà ni méjèèjì ń sọ, àmọ́ ohùn wọn kò dọ́gba, ìyàtọ̀ yìí gan-an ló sì yẹ kí olùṣèwádìí tẹjú mọ́.

Blackpool ni wọ́n bí Cynthia sí ní 1939, Powell sì ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Liverpool ni òun àti John ti pàdé. Nígbà tí oyún dé, wọ́n fẹ́ra ní ọ́fíìsì ìjọba ní Mount Pleasant, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ 1962. Àkọsílẹ̀ Cynthia nípa ọjọ́ náà kì í ṣe ohun tí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó lè sọ fúnni: ẹ̀rọ àwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo níta débi pé agbára káká ni wọ́n fi ń gbọ́ ohun tí akọ̀wé ń sọ, Mimi, ẹ̀gbọ́n ìyá John tó tọ́ ọ dàgbà, kọ̀ láti wá, omi lásán ni wọ́n fi kí tọkọtaya níbi oúnjẹ ọ̀sán tí Brian Epstein, alákòóso ẹgbẹ́ náà, san owó rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, John lọ kọrin ní Chester.

Wọ́n fi ìgbéyàwó náà pamọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ọmọbìnrin tó ń ra àwo orin lè pa dà lẹ́yìn John bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ti níyàwó. Nítorí náà, ìyàwó náà ní láti fi ara rẹ̀ pamọ́, àní lẹ́yìn tó bí Julian, ọmọ wọn, ní oṣù Kẹrin 1963. Kódà nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀, kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro náà: ní oṣù Kẹjọ 1967, ọlọ́pàá dá a dúró nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bangor ní Wales, nítorí ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ Beatles ni. Ọkọ̀ fi í sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1968, ó ti Gíríìsì dé, ó sì bá Yoko Ono, obìnrin tí John wá fẹ́ lẹ́yìn náà, nínú ilé wọn ní Weybridge. Ìkọ̀sílẹ̀ parí ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn.

Ní 1978, ọdún tí ìwé àkọ́kọ́ jáde, John lọ sí ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n dá Cynthia àti àwọn tó ni ìwé ìròyìn News of the World dúró, kí wọ́n má ṣe tẹ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn jáde. Ẹjọ́ kan wà tó lè tì í lẹ́yìn: ní 1964, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ka Duke of Argyll léèwọ̀ láti tú àṣírí tí aya rẹ̀ àtijọ́ bá a sọ nígbà tí wọ́n jọ wà. Àmọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, lábẹ́ Lord Denning, kọ ẹ̀bẹ̀ John. Ìdí ni pé àtọkọ àtìyàwó ti sọ ọ̀rọ̀ ilé wọn fún aráyé tẹ́lẹ̀. Ohun tó ti wà ní gbangba kì í tún ṣe àṣírí mọ́. Ìdájọ́ náà tọ́. Olórin tó ti sọ ìhà tirẹ̀ nínú ìròyìn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa ẹni tí wọ́n jọ gbé ilé náà lẹ́nu mọ́.

Ìwé 1978, tí Cynthia fi àwòrán ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, rọra sọ̀rọ̀. Ti 2005, tí Julian kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Cynthia ti ròyìn bí John ṣe gbá a létí nígbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́, nítorí pé ó bá Stuart Sutcliffe, ọ̀rẹ́ John, jó, àti bí wọ́n ṣe pínyà fún oṣù mélòó kan. Ibẹ̀ náà ni Mimi ti hàn bí obìnrin tó le koko, tí John sì hàn bí bàbá tó jìnnà sí Julian. Lẹ́yìn ikú John, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ìwé kejì ń dá wọn lóhùn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí Cynthia kọ sílẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún kò ṣeé gbà gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wà, pàápàá níbi tó bá ti kan Yoko tàbí Mimi. Síbẹ̀, àwọn ibi pàtàkì ní ẹ̀rí mìíràn: déètì ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, John fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn Playboy ní 1980 pé òun a máa lu obìnrin nígbà èwe òun. Cynthia kú ní Mallorca ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2015. Lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé John Lennon láàárín 1962 sí 1968, kò sí àkọsílẹ̀ mìíràn tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà tó ìwé rẹ̀ méjèèjì.