Kíka Ilé Kí A Tó Fa Wáyà

Láti ọdún 1896 tí iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní Èkó, Àkéte ilẹ̀ ọgbọ́n, Aròmisá-lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, títí di ìgbà tí a dá àjọ oníná tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ECN sílẹ̀ ní ọdún 1950, tí ìdídò Kainji sì fi agbára kún agbára ní ọdún 1968, ẹsẹ̀ ìjọba ni wáyà iná ń tọ̀: ibi tí ọ́fíìsì bá wà ni òpó ń lọ, abúlé tí kò sí nínú ìwé aláṣẹ kò sì rí ju fìtílà lọ.

Kì í ṣe àwọn oníná ló kọ́kọ́ rí ojútùú ọ̀ràn yìí. Àwọn tí ń gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní Òkè Ọya ni, nígbà tí wọ́n ṣàkíyèsí, ní nǹkan bí ọdún 2012, pé àwọn tí ń fún ọmọdé ní àjẹsára ń fo abúlé kan dá nítorí pé máàpù ọwọ́ wọn kò mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì fi àwòrán sátẹ́láìtì wá ibùgbé ènìyàn kiri. Àkójọ ibùgbé náà ni àwọn olùṣètò iná wá jogún. Nígbà tí ó di ọdún 2021, Google, láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ rẹ̀ ní Accra, gbé àkójọ òrùlé mílíọ̀nù 516 ní ilẹ̀ Áfíríkà jáde fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lò ó.

Ohun tí òrùlé ń sọ kò kéré. Níbi tí ilé bá ti fara kínra, sólà kan ṣoṣo lè tan gbogbo abúlé; níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, owó wáyà a máa pọ̀ ju èrè lọ, ó sì sàn kí olúkúlùkù ní sólà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: ilé ìlọta àti ilé ìsùn lè ní òrùlé kan náà. Nítorí náà ni òṣìṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ wọlé, kí ó ka gílóòbù, kí ó béèrè firíìjì, kí ó sì wádìí wákàtí tí ẹ̀rọ ìlọta ń ṣiṣẹ́.

Abúlé bíi Gbamu-Gbamu ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí sólà kílówáàtì 85 bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná fún ní ọdún 2018, ni irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wà fún. Bí gílóòbù LED wáàtì 9 bá rọ́pò ti wáàtì 60 àtijọ́, tí ọlọ́lọta sì gbà láti máa lọta nígbà tí oòrùn bá kanrí, bátìrì tí ó kéré yóò tó. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: ẹni tí ó ka ilé tí kò ka ohun tí ń jẹ iná nínú rẹ̀, bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní í tó, bóyá yóò pọ̀ jù, èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, àwọn ará abúlé ni yóò sanwó àṣìṣe náà.